Bicarb tí ẹ̀rọ ń fún màmá mi, ibo ló ń wọlé sí? Ìṣirò mi sọ 29, àyẹ̀wò sọ 26

ỌmọÀbẹ̀kẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé, n kì í ṣe dókítà, nítorí náà ẹ bá mi tún un ṣe níbi tí mo bá ti ṣì í sọ. Màmá mi ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá báyìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Kílò 60 ni wọ́n wọ̀n. Èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n. Wákàtí mẹ́rin pọ̀ fún ẹni tí kò ní ohun tó ń ṣe ju kó máa wo ojú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Ohun tó yé mi nìyí. Ásíìdì tí oúnjẹ ń dá sílẹ̀ nínú ara, kíndìnrín tó dá ṣáṣá ló ń dà á nù, òun náà ló sì ń ṣe bicarbonate (bicarb), ohun tó ń pa ásíìdì, ní tuntun dípò èyí tí ásíìdì yẹn ti jẹ run. Kíndìnrín màmá mi kò lè ṣe é mọ́. Omi inú ẹ̀rọ ló ń fún wọn ní bicarb báyìí: 35 mílímóòlù (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye èròjà) ló wà nínú lítà omi náà kan, 18 ló sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń ti ibi tó pọ̀ sí gba ara asẹ́ inú ẹ̀rọ lọ síbi tó kéré.

Mo wá kọ ọ́ báyìí:

V × dB/dt = D × (35 − B)

B ni bicarb inú ẹ̀jẹ̀. dB/dt ni bó ṣe ń yí padà ní wákàtí kan, t sì ni iye wákàtí. D ni iye lítà ẹ̀jẹ̀ tí asẹ́ ń rí ṣiṣẹ́ lé lórí ní wákàtí kan, mo fi 8 sí i. V ni ààyè tí bicarb ń tàn ká nínú ara, ìwé sọ pé kí n fi ìdajì ìwọ̀n ara sí i, ìyẹn lítà 30. Ó já sí B = 35 − 17e^(−8t/30). Lẹ́yìn wákàtí kan, 22. Wákàtí méjì, 25. Wákàtí mẹ́rin, 29.

Ṣùgbọ́n 26 ni wọ́n ń rí, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: 26.0, 25.8, 26.3. Mẹ́ta ló dín nínú lítà kọ̀ọ̀kan, lítà 30 sì ni mo fi ṣírò, á jẹ́ pé nǹkan bí 90 mílímóòlù ni n kò rí. Ibo ló gbà?

---

Nọ́ọ̀sìDúpẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Iṣẹ́ yìí ni mo ti ń ṣe láti Abẹ́òkúta títí dé Manchester níbí.

Kí ẹ tó sọ pé bicarb sọnù, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ léèrè. Gáàsì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọ̀pá ẹ̀jẹ̀ bá wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, tàbí tí kò kún, gáàsì CO2 á ti inú rẹ̀ fẹ́ lọ, iye tí láàbù máa kà á sì wálẹ̀. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú kúlà láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ kí ẹni tó máa gbé e lọ tó dé. Kò sí ìṣirò tó lè tún irú èyí ṣe.

Èkejì: ẹ̀jẹ̀ ìkẹyìn, ṣé wọ́n dín eré pọ́ọ̀ǹpù kù kí wọ́n tó fà á? Bí wọn kò bá dín in kù, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú asẹ́ jáde lè yí padà wọ inú ọ̀pá yín, iye rẹ̀ á sì ga ju ti inú ara lọ.

---

ỌmọÀbẹ̀kẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn gáàsì inú ẹ̀jẹ̀ wà níbi tí a ń lọ, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n ń ki ẹ̀jẹ̀ bọ̀ ọ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n sì máa ń dín eré pọ́ọ̀ǹpù kù, mo ti bi wọ́n.

Mo tún yẹ nọ́mbà wọn wò. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìfúnpá gáàsì CO2 jẹ́ 35, bicarb 18, pH (òdiwọ̀n ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀) 7.33. Bí mo bá fi ìlànà Henderson àti Hasselbalch, tó so nọ́mbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn pọ̀, ṣe é: 0.03 × 35 fún wa ní 1.05, 18 pín sí 1.05 jẹ́ 17.1, lógàrídímù rẹ̀ jẹ́ 1.23, ẹ fi 6.1 kún un, 7.33 ló jáde. Nọ́mbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu.

---

Nọ́ọ̀sìDúpẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Á jẹ́ pé 35 ti bicarb inú omi ẹ̀rọ yẹn ló yẹ ká wò. Gálọ́ọ̀nù méjì ni ẹ̀rọ ń fà mu: ti ásíìdì lọ́tọ̀, ti bicarb lọ́tọ̀. Ásíìdì kékeré kan wà nínú èyí àkọ́kọ́, irú èyí tó wà nínú fínígà. Bí wọ́n bá pàdé, ásíìdì yẹn á jẹ nǹkan bí 3 nínú bicarb. Bí ojú ẹ̀rọ bá sọ 35, ẹ bi wọ́n bóyá iye tó wà ṣáájú kí wọ́n tó pò pọ̀ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń kà á. Bó bá jẹ́ ṣáájú ni, 32 ló ń kan ẹ̀jẹ̀ màmá.

---

ỌmọÀbẹ̀kẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 10:44 alẹ́

Háà! Mo fi 32 sípò 35, 27.2 ló jáde. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀!

---

ẸnjiníaKẹ́míkà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ má tíì yọ̀ o. Ìṣirò náà kò tíì parí.

Bí ásíìdì fínígà bá jẹ bicarb 3, acetate 3 ló fi sílẹ̀ nínú omi. Acetate yẹn ò dúró síbẹ̀, òun náà á gba ara asẹ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara á jó o, bicarb kan á sì jáde fún acetate kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ pàdánù lẹ́nu ọ̀nà ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Ẹni tó bá yọ 3 kúrò níhìn-ín gbọ́dọ̀ fi 3 kún un lọ́hùn-ún, ẹ ó sì tún padà sórí 29 yín.

Àsìkò kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ acetate nìkan ni wọ́n ń lò. Láti 1964 ni. Ìdí rẹ̀ ni pé bicarb àti calcium kì í lè gbé pọ̀ nínú gálọ́ọ̀nù kan: wọ́n á di ẹfun, irú funfun líle tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùrù. Acetate kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìfúnpa ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn já wálẹ̀, kí èébì sì máa gbé wọn. Nígbà tí wọ́n wá rí ẹ̀rọ tó lè po gálọ́ọ̀nù méjì pọ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n padà sí bicarb. Ìdí tí ásíìdì kékeré yẹn fi ṣì wà níbẹ̀ náà nìyẹn, kí calcium má baà dì.

Ẹni tí kò bá ka acetate kún un lè ṣe àṣìṣe ńlá. Ní 2012, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ nípa rẹ̀: oríṣi gálọ́ọ̀nù kan ń gbé acetate 8 wọlé, àwọn tó ń kọ ìwé oògùn kò sì kà á mọ́ bicarb tí wọ́n pa láṣẹ. Bicarb àwọn aláìsàn ń ga kọjá ààlà.

---

DókítàÀyẹ̀wò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:37 ọ̀sán

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè yín, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ti béèrè rẹ̀. Sargent tí òun àti Gotch ṣe ìṣirò Kt/V tí gbogbo wa fi ń mọ̀ bóyá ìfọ̀jẹ̀ tó, tún padà sórí rẹ̀ pẹ̀lú Gennari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní 2018, nítorí bicarb tó ń wọlé tí a kì í rí.

V yín ni mo fẹ́ kí ẹ tún wò. Lítà 30 kì í ṣe ààyè kan tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Omi tó wà lẹ́yìn òde sẹ́ẹ̀lì màmá kò ju bí lítà 12 lọ. 18 tó kù, ìnagijẹ lásán ni: ọ̀nà tí ìwé fi ń sọ pé àwọn nǹkan mìíràn nínú ara ń gba bicarb lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó ń tàn wá jẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti wákàtí mẹ́rin, torí ó ń ṣe bí ẹni pé gbogbo ibẹ̀ ń kún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an: láti ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ti kúrò lórí ẹ̀rọ, ásíìdì ń wọlé lójoojúmọ́, ara sì ń kó o pamọ́ sára àwọn purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì, sára ẹ̀jẹ̀ pupa, sínú egungun. Gbèsè ni. Bí bicarb bá wá ń wọlé, ńṣe ló dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù, tí àwọn tó jẹ lówó sì ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bí bicarb bá ṣe ń ga sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì tó pamọ́ á ṣe máa jáde tó.

Ọ̀nà méjì mìíràn tún wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kúrò nínú ásíìdì kíákíá, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ásíìdì tirẹ̀, bíi lactate, asẹ́ á sì kó apá kan lára ohun tí ìbá padà di bicarb dà sínú góńtà. Lẹ́yìn náà, omi tí ẹ̀rọ ń fà kúrò lára màmá, ká ní lítà 2.5, bicarb wà nínú òun náà.

Ẹ gbìyànjú èyí: ẹ fi 12 sí V, kí ẹ sì yọ k × (B − 18) kúrò lápá ọ̀tún. k ló máa dúró fún gbogbo àwọn olówó ẹnu ọ̀nà yẹn. Kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kìíní àti ìkejì. Ìgbẹ̀yìn nìkan kò lè sọ èwo nínú ìṣirò méjèèjì ló tọ̀nà. Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ló máa sọ ọ́.

---

ÌyáÌbejì_Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ẹnì kan ní àdúgbò wa sọ pé káún tí a fi ń se ẹ̀wà, bicarb ló wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ò lè máa lá díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tí kò bá lọ fọ ẹ̀jẹ̀?

---

DókítàÀyẹ̀wò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè tó dáa ni, mà. Òótọ́ ni pé bicarb wà nínú káún. Ṣùgbọ́n carbonate tó le jù ú lọ, tó lè jó ọ̀fun àti ikùn, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, iyọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Iyọ̀ á fa òùngbẹ, òùngbẹ á fa omi mímu, omi náà kò sì ní ibi tí yóò gbà jáde. Ẹ kò sì lè mọ ohun mìíràn tó wà nínú òkúta tí ẹ rà lọ́jà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀gbọ́n yín má ṣe é.

Oògùn oníhóró bicarb wà. Hóró 500 mg kan jẹ́ nǹkan bíi 6 mílímóòlù, ẹ lè kà á. Òun náà ní iyọ̀ nínú, nítorí náà dókítà tó ń tọ́jú wọn ló gbọ́dọ̀ sọ iye tí wọ́n máa lò.

---

ỌmọÀbẹ̀kẹ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:30 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. A lọ lánàá. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbà láti wọn ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tiẹ̀ fà á láti ara róbà ẹ̀rọ kó má baà tún gún màmá lábẹ́rẹ́. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì wọn:

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, 18.0. Wákàtí kìíní, 23.6. Ìkejì, 25.4. Ìkẹrin, 26.1.

Ẹ wò ó! Ìṣirò mi àtijọ́ sọ 22 ní wákàtí kìíní, ara ti ṣáájú rẹ̀. Ní wákàtí ìkejì wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Lẹ́yìn náà, tèmi ń gùn lọ sókè, ti màmá ti jókòó. Láti wákàtí ìkejì dé ìkẹrin, kò kúrò lójú kan ju 0.7 lọ.

Mo wá ṣe èyí tí Dókítà ní kí n ṣe:

12 × dB/dt = 8 × (35 − B) − k × (B − 18)

Mo wá k tó bá a mu, 8.6 ni mo rí. Wákàtí kìíní fún mi ní 24.1, ìkejì 25.7, ìkẹrin 26.2. Nọ́mbà mẹ́ta, k kan ṣoṣo.

Bí mo ṣe ka gbogbo bicarb tó gba asẹ́ wọlé ní wákàtí mẹ́rin yẹn, ó tó 329 mílímóòlù. Èyí tó hàn nínú lítà 12 yẹn kò ju 98 lọ. Omi lítà 2.5 tí wọ́n fà kúrò gbé nǹkan bí 60 lọ. 170 tó kù, gbèsè ló lọ san. Mo jókòó, mo wo màmá mi tí wọ́n sùn lọ lórí ìjókòó yẹn, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí ara wọn ń ṣe lábẹ́ aṣọ ìbora yẹn pọ̀ gidi gan-an.

---

ẸnjiníaKẹ́míkà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:15 àárọ̀

Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Ìbéèrè kan: kí ló dé tí wọn ò kàn gbé omi ẹ̀rọ láti 35 sí 40? Mo fi sínú ìṣirò yín, ibi tó máa jókòó sí jẹ́ (8 × 40 + 8.6 × 18) pín sí 16.6, ìyẹn 28.6.

---

DókítàÀyẹ̀wò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:02 àárọ̀

Ẹ wo ohun tí ìṣirò yín sọ: ẹ fi 5 kún omi, 2.4 péré ló kún ẹ̀jẹ̀. Ìyókù, ẹ kàn fi tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì láti ṣe ásíìdì sí i ni. Ohun tí ẹ sì ń rà pẹ̀lú rẹ̀ wọ́n. Bí bicarb bá yára ga, potassium inú ẹ̀jẹ̀ á sá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, calcium tó wà lómìnira á dínkù, ọkàn sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Ìwádìí DOPPS, tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí Tentori àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2013 rí i pé ikú pọ̀ díẹ̀ sí i níbi tí bicarb inú omi ẹ̀rọ ti ga. Ìyẹn nìkan kò fi hàn pé òun ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ́ ká ṣọ́ra.

Ibi tó yẹ ká wò ni àárín ìgbà tí wọ́n ń lọ. ỌmọÀbẹ̀kẹ́, ẹ bá wa ṣe ìyẹn. Fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ lè padà sí lítà 30 yín, torí sẹ́ẹ̀lì ti ráyè. Ásíìdì bíi 50 mílímóòlù lóòjọ́ fún kílò 60.

---

BàbáṢadé · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:26 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni agbára mi ká láti ọdún kan ààbọ̀. Èémí mi máa ń yára lọ́jọ́ kẹfà, mo rò pé omi nìkan ló ń fà á.

---

ỌmọÀbẹ̀kẹ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:50 alẹ́

Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Mo ṣe é fún gbogbo wa, kílò 60 ni mo lò, tiyín lè yàtọ̀.

Bí a bá kúrò lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú 26, bicarb inú lítà 30 jẹ́ 780. Ẹ yọ ásíìdì ojoojúmọ́ kúrò, kí ẹ fi omi tí a mu kún ààyè náà. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọjọ́ tó jìnnà jù fún un kò pé mẹ́ta: 640 pín sí 32, 20 ni. Ẹ̀ẹ̀mejì bíi ti màmá, ọjọ́ mẹ́rin tó jìnnà jù: 590 pín sí 32.5, 18.2. Iye tí wọ́n máa ń bá wọn gan-an nìyẹn! Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀: 439 pín sí 33, 13.3.

---

DókítàÀyẹ̀wò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:33 alẹ́

Bàbá, 13 yẹn lè má pé bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ó lè jẹ́ 15 tàbí 16. Kì í ṣe pé ìṣirò náà burú. Egungun ló ń dá sí i: bí bicarb bá wálẹ̀, egungun á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ láti fi tirẹ̀ pa ásíìdì. Nọ́mbà á dúró, egungun á máa lọ. Èémí tó ń yára, omi lè fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara tún máa ń mí kíákíá láti fẹ́ CO2 jáde kí pH má baà jábọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn gáàsì inú ẹ̀jẹ̀ yín kí wọ́n tó so yín mọ́ ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ yẹn bí èémí náà bá le sí i.

Ẹ má sì dín oúnjẹ kù nítorí ohun tí ẹ kà níbí. Òótọ́ ni pé ẹran àti ẹyin ń bí ásíìdì. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tí bicarb wọn jẹ́ 25 kí wọ́n tó fọ ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ pé wọn ò jẹun ni. Apá wọn ti rù dé egungun.

---

Nọ́ọ̀sìDúpẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 8:12 àárọ̀

Bàbá, ẹ bi wọ́n nípa ẹ̀dínwó. Ní oṣù kẹjọ 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ á wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn àti FMC Abẹ́òkúta wà lára wọn. Ẹ rán ọmọ kan lọ béèrè bí ètò náà ṣe ń lọ kí ẹ tó náwó ọkọ̀.

---

BàbáṢadé · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 àárọ̀

Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Ṣadé á lọ lọ́la.

---

ỌmọÀbẹ̀kẹ́ · Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 3:18 ọ̀sán

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo tẹ ìlà méjèèjì sórí bébà kan, èyí tó ń gùn lọ sókè àti èyí tó jókòó, mo fi han dókítà tó ń tọ́jú màmá. Ó wò ó pẹ́. Kò fọwọ́ kan 35. Àwa ọmọ dáwó jọ, a sì fi ọjọ́ kẹta kún un: Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì.

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà báyìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ tòní, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ tó jìnnà jù. Ìṣirò sọ 20. 20.3 ni.